Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé àwọn tó kanlẹ̀kùn nígbà Ebola

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ Ebola tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún 2014, orúkọ Dókítà Ameyo Adadevoh la kọ́kọ́ ń dá. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ̀ kí aláìsàn tó gbé e wọ Èkó kúrò nílé ìwòsàn, àrùn náà ló sì pa á.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a kì í dárúkọ. Èèyàn tó súnmọ́ 900 ló ti fara kan àwọn aláìsàn l'Ékòó àti Port Harcourt, ọjọ́ 21 ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ti ilé dé ilé wò bóyá ara wọn ń gbóná. Àbẹ̀wò wọn tó nǹkan bíi 18,500. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, àjọ WHO kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ní tèmi, kí ìjọba máa sanwó irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lásìkò, kó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àrùn mìíràn lè dé nígbàkígbà. Ẹni tí a gbàgbé lánàá lè má dáhùn mọ́ bí a bá tún pè é.