Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tí Ọkàn Yín Kò Balẹ̀ Nípa Ìsìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin èwe ìwòyí, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, ọmọ Odùduwà tí ó tẹ Ilé-Ifẹ̀ dó, yálà ẹ wà nílé ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì, tàbí ẹ wà ní ìdálẹ̀ níbi tí òtútù ti ń fi ojú yín rí màbo, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tí mo fi mú gègé. Ohun tí ẹ ń sọ láàrin ara yín ti ń dé etí mi. Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú yín, tí ó ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí kò tí ì ga tó àga tí ó ń jókòó lé, kò lè fi tọkàntọkàn gba Àdúrà Olúwa parí mọ́. Pé òmíràn, tí a ti ṣe wòlímọ̀ fún, tí àwọn òbí rẹ̀ sì pa màlúù lọ́jọ́ náà, ń bi ara rẹ̀ léèrè lórí ẹní ìkírun bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ òun. Pé òmíràn ti so ìdè Ifá mọ́ ọrùn ọwọ́, ó ní òun ti padà sí ìṣẹ̀ṣe, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ariwo sì rọlẹ̀, kò mọ ẹni tí òun yóò ké pè. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò sọ ohunkóhun, tí wọ́n ń bá ìyá wọn lọ sí ilé ìsìn nítorí kí ìyá má baà sunkún. Kì í ṣe láti fi ọ̀rọ̀ nà yín ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Ohun kan ni mo rí nínú ìtàn ilẹ̀ wa tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ń wí pé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bà yín jẹ́, pé láyé àtijọ́ ìgbàgbọ́ ẹni a máa dúró gbọn-in láti ọjọ́ ìkómọ títí di ọjọ́ ìsìnkú. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ilé baba rẹ̀. Ṣebí àwọn baba wa náà ni wọ́n ń wí pé ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé? Àwọn tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ náà ni ọ̀sán náà bá lójú ọ̀nà, tí ó fi jẹ́ pé ẹnì kan náà a máa jẹ obì ní ojúbọ ní ìgbà èwe rẹ̀, a sì máa jẹ oúnjẹ Olúwa ní ogbó rẹ̀. Ẹ rántí ìyá Samuel Àjàyí Crowther. A kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Nígbà tí wọn yóò tún fi ojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846, ọmọ tí ó sọnù ti di àlùfáà àwọn ará Ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti kọ́ èdè òyìnbó, ó sì gbé ìwé Ọlọ́run àjèjì kan dání. Ọdún 1848 ni ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi, tí a sọ ọ́ ní Hannah, nítorí Hannah ni ìyá Samuel inú Bíbélì. Àwọn oṣù tí ó wà láàrin ìpàdé àti ìrìbọmi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn rò, nígbà tí ìyá arúgbó ń wo ọmọ rẹ̀ tí ó ń gbàdúrà sí ẹni tí òun kò mọ̀, tí kò tí ì ṣe ti ọmọ, tí ti àtijọ́ sì ń dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin wà nísinsìnyí. Kì í ṣe ibi ìtìjú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ jókòó tì ni ti ọdún 1918. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún náà ni ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn dé Èkó, èyí tí òyìnbó ń pè ní influenza, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní lùkúlùkú. Ó gba ojú irin àti ojú títì wọ ìgbèríko, ó ń pa ọ̀dọ́, ó ń pa àgbà, ẹni tí ó gbé òkú lọ sí ibojì lánàá ni a ń gbẹ́ ilẹ̀ fún lónìí. Ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti ilé ìjọsìn àti mọ́ṣáláṣí, nítorí kí èrò má baà kó àrùn ran ara wọn. Ẹ̀yin náà rí irú rẹ̀ ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí a pa ìlẹ̀kùn ilé Ọlọ́run dé. Ẹ mọ bí ọ̀sẹ̀ ti ń rí tí kò sí agogo tí ń pè yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní fóònù, pásítọ̀ yín sì ń wàásù nínú rẹ̀. Àwọn ti 1918 kò ní nǹkan kan. Oògùn òyìnbó kò rí àrùn náà ṣe, àgbo ilé kò rí i ṣe, babaláwo ń kú, àlùfáà ń kú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó yẹ kí wọ́n sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún ayé wà nílé tí wọ́n ń gbọ̀n.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ St. Saviour ti àwọn Áńgílíkà, alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà tí ń jẹ́ Joseph Ṣàdáre. Òun àti àwọn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ láti gbàdúrà. Kì í ṣe pé a fi wọ́n joyè, kì í ṣe pé ẹnì kan rán wọn níṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìpọ́njú dé, wọn kò sì lè dá a gbé. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, tí àìsàn náà mú, wí pé òun gbọ́ ohùn kan tí ó ní òjò yóò rọ̀, àti pé omi òjò náà yóò wo àwọn tí ó bá lò ó sàn. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, èmi kò bá a jà. Ohun tí ojú tèmi ń wò ni pé ọmọbìnrin tí kò ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ dìde lórí ẹní àìsàn, ó sì ru ìrètí tọ aládùúgbò rẹ̀ lọ ní àkókò tí aládùúgbò ń sá fún aládùúgbò. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni àwùjọ kékeré yìí dà, láti inú rẹ̀ àti àwọn tí ó bá a tan ni ọ̀pọ̀ nínú ìjọ Aládùúrà tí ẹ mọ̀ lónìí sì ti ṣẹ̀.

Wàyí o, ẹ fi ara balẹ̀ ka èyí tí ó kù, nítorí pé àwọn oníwàásù kì í sábà dúró níbẹ̀. Nígbà tí àrùn rọlẹ̀, ìdánilójú dé. Àwọn ará Òkúta Iyebíye wí pé kò tọ́ láti ri ọmọ ọwọ́ bọmi, wọ́n wí pé ẹni tí ó bá gba Ọlọ́run gbọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan oògùn, ìbáà ṣe ti òyìnbó, ìbáà ṣe àgbo. Àárín àwọn àti ìjọ wọn dàrú, wọ́n sì jáde ní 1922. Wọ́n rí ìwé àwọn Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí àwọn náà kọ oògùn, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ wọn láìfojú kan ara wọn. Ìyẹn náà tú. Wọ́n pe àwọn ará ìjọ Apostolic láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òyìnbó wọ̀nyí sì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, kò sì pẹ́ tí a fi rí i pé wọ́n ń lo kiníìnì nítorí ibà. Kiníìnì dá ìjà sílẹ̀! Ọ̀ràn náà kò tán títí tí ìjọ fi pín sí méjì ní nǹkan bí ọdún 1940, tí apá kan sì gba orúkọ Christ Apostolic Church ní 1943. Èmi kò fi àwọn ẹni ńlá wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, n ó sọ fún yín láìfi bò pé àdúrà wọn ní ọdún tí wọn kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ dára ju àṣẹ tí wọ́n pa nígbà tí wọ́n rò pé àwọn ti mọ ohun gbogbo. Ní 1918 wọ́n ń ké pe Ọlọ́run, wọ́n sì ń di ọwọ́ ara wọn mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpótí oògùn ara wọn wò.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù àìdánilójú yín kò fi bà mí tó bí ẹ̀rù àwọn tí ń ta ìdánilójú fún yín ti ń bà mí. Wọ́n pọ̀ lóde, wọ́n ń tà á bí àkàrà gbígbóná. Wòlíì kan mọ ọjọ́ tí físà yín yóò jáde, ó sì ti mọ iye tí ẹ ó fi sínú àpòòwé kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹlòmíràn wọ aṣọ funfun, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn, ó ń dáfá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí kò rí rí, kò bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, kò sì mọ Odù mẹ́rìndínlógún tí ó jẹ́ ojú Odù dé ìdajì, ká má tilẹ̀ sọ ti igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹlòmíràn, tí orí yóò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, ń pe ìpànìyàn ní oògùn owó. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tí ń búra fún yín pé kò sí nǹkan kan lókè, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀, pé òpè ni ẹni tí ó bá ń gbàdúrà. Òun náà ń ta ìdánilójú ni, ó kàn jẹ́ pé kò gba owó. Ẹ wo àwọn babaláwo tòótọ́: ọmọ ẹ̀kọ́ Ọ̀rúnmìlà Ẹlẹ́rìí Ìpín ni wọ́n, síbẹ̀ bí òní ti rí ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń difá ọrọọrún. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀la tán, kí ni yóò tún ṣí ọpọ́n sílẹ̀ fún?

Kí ni kí ẹ wá ṣe nígbà tí ọkàn kò tí ì fìdí kalẹ̀? Ẹ má ṣe dá wà. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kì í purọ́ fún ara wọn, kí ẹ máa pàdé, kí ẹ gbàdúrà bí ẹ bá lè gbà á, kí ẹ dákẹ́ bí ẹ kò bá lè gbà á, kí ẹ sì máa bẹ aláìsàn wò, nítorí pé aláìsàn kò ní í bi yín ohun tí ẹ gbà gbọ́ kí ó tó gba omi mu lọ́wọ́ yín. Ẹ tọrẹ àánú. Ẹ mú ìlérí ṣẹ. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń mì tí ó sì ń ṣe èyí wà lójú ọ̀nà ju ẹni tí ó ń pariwo Halelúyà tí ó sì ń jẹ owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ má sì tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ẹ ń kúrò nínú rẹ̀, tàbí èyí tí ẹ kò tí ì wọ̀. E. M. Líjàdù, ajíhìnrere ní ilẹ̀ Oǹdó, gba ẹ̀sìn Jésù gbọ́ dé ìdí. Síbẹ̀ ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó gbọ́ ẹnu wọn, ó sì tẹ ìwé lórí Ifá jáde ní 1898, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dáná sun ère. Kò gba gbogbo ohun tí ó gbọ́, ìwé rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa mọ́, ṣùgbọ́n ó béèrè kí ó tó dájọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó ṣe tiwọn ní 1923: wọ́n rí i pé ilé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń gba àwọn ọmọ kúrò nínú ẹ̀sìn baba wọn, wọn kò kọ ẹ̀kọ́ ìwé sílẹ̀, wọn kò sì kọ ẹ̀sìn sílẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìwé tiwọn. Nínú àwọn Aládùúrà náà, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó kọ ìtàn Ìbàdàn sínú ìwé ní 1911, jẹ́ olórí nínú ìjọ tí ó kọ oògùn, ó sì gorí oyè Olúbàdàn ní 1955; ìgbàgbọ́ tuntun kò mú un yọwọ́ nínú ìlú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà ẹlẹgbẹ́ mi tí lẹ́tà yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín díẹ̀. Bí ọmọ bá wí fún yín pé òun kò mọ ohun tí òun gbà gbọ́ mọ́, ẹ má sáré gbé e lọ sí ibi ìtúsílẹ̀, ẹ má sì sọ pé àwọn ayé ni wọ́n ń lo orí rẹ̀. Bí ẹ bá lé e kúrò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn yóò pè é sí ìjókòó, ẹ kò sì ní í mọ ẹni náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ kí ẹ ṣe ohun kan fún mi kí ọdún yìí tó parí. Ẹ wá àgbà kan nínú ẹbí yín, yálà oníṣọ́ọ̀ṣì, yálà ìmàle, yálà oníṣẹ̀ṣe, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ẹ sì bi í pé ìgbà wo ni ọkàn rẹ̀ mì rí, àti pé ta ni ó dúró tì í nígbà náà. Bí ó bá bínú, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, láìfi iyọ̀ kún un, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ń retí rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá yín.