Tíṣà Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní Iná

Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Iná kò sí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a ní sì ti bàjẹ́. Àwòrán rẹ̀ ni mo ń yà sójú pátákó. Ojú tì mí!

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ló fi ọgbọ́n Tim Bell, ará New Zealand, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hàn mí. Mo ya àmì róbótó sára páálí márùn-ún: 16, 8, 4, 2, 1. Ọmọ márùn-ún gbé wọn dání. Bí mo bá pe 19, ẹni 16, 2 àti 1 a kọjú tiwọn síta, àwọn méjì tó kù a yí tiwọn pa dà. Títàn àti pípa: bí kọ̀ǹpútà ti ń mọ iye nìyẹn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, páálí tí ẹ fẹ́ dáná sun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí tíṣà ọmọ yín.