Ohun Tí A Ń Wí Nígbà Tí A Bá Ń Lọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi kan ní àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá wá bá mi pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Ó fẹ́ lọ kàwé ní ìlú Tartu ní orílẹ̀-èdè Estóníà, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò wọ bàálù. Ó ti ń kọ́ èdè wọn lórí fóònù. Àwọn ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ó ti kọ́ ni ó kọ sínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó bá dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyá rẹ̀ àgbà ń bá a bínú, kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ó bá ọ̀rọ̀ kan pàdé nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, *hüvasti*, tí àwọn ará Estóníà máa ń lò nígbà tí ìpínyà bá máa pẹ́ tàbí tí ó bá jẹ́ àṣekẹ́yìn. Ó wá ń ro èyí tí ó bá a mu ní Yorùbá. Ó rántí ọ̀rọ̀ kan tí ó gbọ́ nínú fíìmù, tí ó dùn ún létí gan-an. Ó wọ yàrá lọ bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ, ó ní, "Màmá, mo ti fẹ́ máa lọ o. Ó dìgbéré o."

Ìyá àgbà gbé aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni ó kú?" Láti ìgbà náà, bí ó bá kí wọn, "hẹn" lásán ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún nínú fíìmù tí ó wò. Ó ronú díẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Òkú ni. Ó dìgbà, ó dìgbéré, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá: ẹni tí ó ti lọ sí ọ̀run ni Yorùbá ń wí báyìí fún, ẹni tí a kò lè rí mọ́ bí kò ṣe lójú oorun. Ìyá àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ ọmọ wọn ń lọ sí ìlú òtútù fún ọdún púpọ̀, ẹ̀rù tí wọn kò fẹ́ fi ẹnu sọ sì wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀. Òun gan-an ni ọmọ náà lọ pè jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń hun ìdágbére tiwa. "Ó di" ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí a ó tún pàdé ni ó sì ń tẹ̀ lé e. Ó di àbọ̀ ni ó di "ó dàbọ̀": ó di ìgbà tí a bá padà dé. Ó di àárọ̀ ni "ó dàárọ̀", tí a ń wí bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a sì máa ń fi àdúrà tì í pé kí Ọlọ́run jí wa ire. "Ó dọ̀la" wà fún ẹni tí a ó rí lọ́la. Bí a kò bá mọ ọjọ́ tí a ó tún fojú kan ara wa, a ní "ó dìgbà kan ná" tàbí "ó dìgbóṣe". Ẹ kíyè sí i pé ìpàdé mìíràn wà nínú gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ọmọ Yorùbá tí ó ń jáde nílé fi máa ń wí pé "mò ń bọ̀", nígbà tí ó jẹ́ pé lílọ ni ó ń lọ.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni a fẹ́ fi sílẹ̀, a kì í kàn dìde kí a wí pé "mo ń lọ". Àyè ni a ń tọrọ: "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, mà." Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Àgbà á wá yọ̀ǹda pẹ̀lú àdúrà: "Àlọ ire, àbọ̀ ire." Bí wọ́n bá ní, "Bá mi kí wọn nílé o," ìdáhùn rẹ̀ ni "Wọn yóò gbọ́, mà." Ní ilé ọ̀fọ̀, a kì í dágbére bí ẹni tí ó wá ṣeré, àdúrà pé ẹsẹ̀ ayọ̀ ni a ó fi tún padà wá ni a fi ń jáde.

Mo wá gba ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún èmi náà. Èdè Estóníà jẹ́ ìbátan èdè Finland, àwọn tí ó ń sọ ọ́ kò sì pọ̀. Gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kò ju bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé Yunifásítì Tartu, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1632. *Head aega* ni ìdágbére tí ó yẹ fún ẹnikẹ́ni, àgbà tàbí àlejò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ìgbà rere". *Nägemist* wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "rí"; *ä* inú rẹ̀ wà láàrin *a* àti *ẹ*. *Homseni* ni "ó dọ̀la" tiwọn gẹ́lẹ́. *Head ööd* ni a ń wí lálẹ́, *tsau* sì wà fún ẹlẹgbẹ́ ẹni nìkan. Wọ́n tilẹ̀ ní *te* fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún àti fún ènìyàn púpọ̀, bí àwa náà ṣe ní "ẹ". Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá kò nílò kí a rìn jìnnà kí a tó rí irú rẹ̀. Màmá Ìgbò tí ó ń ta ọjà lójúde wa máa ń wí pé *ka chi fo* lálẹ́, ìyẹn ni pé kí ilẹ̀ mọ́. Hausa tí ó ń ta àlùbọ́sà á ní *sai gobe*, ó dọ̀la. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ìpínyà jẹ́ òpin.

Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó padà lọ tọrọ àforíjì, kí ó sì fi ọjọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó lọ bá ìyá àgbà, ó kúnlẹ̀, ó ní òun kò mọ ohun tí òun wí, pé mímọ̀ ì bá ti jẹ́ kí òun pa á mọ́ ẹnu. Màmá ní àwọn ti mọ̀ pé àìmọ̀ ni, ṣùgbọ́n etí àwọn kò tíì lè gbàgbé.

Ní ọjọ́ tí ó ń lọ, mo wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ti dúró lójú ọ̀nà, awakọ̀ sì ń fọn fèrè. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó ní, "Màmá, mò ń bọ̀."

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n ní, "Tètè bọ̀ o. Èmi náà ò ní lọ síbì kankan."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ pe àwọn àgbà yín lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ má sì fi "báì-báì" já ọ̀rọ̀ náà gé. Ẹ dá ọjọ́ fún wọn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.