Kì Í Ṣe Akọ̀wé Owó Oṣù Ni Ọ̀tá Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù. Ọ̀rọ̀ owó orí ni, àti ti àwọn tí ń bá wa kọ ìwé rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2026, ariwo ńlá sọ ní ọ́fíìsì àkáǹtì ilé-iṣẹ́ wa. Ọ̀kan nínú àwọn dẹ́rẹ́bà wa, àgbàlagbà tí gbogbo wa mọ̀ sí onísùúrù, ló wá béèrè ìwé-ẹ̀rí owó orí. Ó ti ra ilẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn Sàngó, ó sì fẹ́ gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ní kó mú ìwé-ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Ìgbà kẹrin tí yóò wá nìyí. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ tún fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.” Ni bàbá bá fọwọ́ gbá tábìlì. Fáìlì dà sílẹ̀. Ó ní, “Bí ẹ bá fẹ́ gé owó mi, ẹ kì í pẹ́ ọjọ́ kan! Kí ló dé tó jẹ́ pé ìwé mi nìkan ni kì í yá?” Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè bàbá yẹn dára. Ẹni tó bi ní ìbéèrè ni kò tọ́. Nígbà tí wọ́n pe èmi tí mo jẹ́ aṣojú yín, a jókòó, a ṣí fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun méjì la rí. Àkọ́kọ́, ìwé ìṣirò ọdún tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ owó orí, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní H1, ti wà ní sẹpẹ́. Ọmọbìnrin yìí ti parí rẹ̀. Ó ti wà lórí tábìlì máníjà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìsí ẹni tó fọwọ́ sí i. Èkejì, àdírẹ́sì bàbá tó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ ṣì jẹ́ ti Agége, bẹ́ẹ̀ ó ti kó lọ sí Sàngó láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó orí rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Èkó ni owó bàbá ń lọ, Ògùn ni ó sì ti ń wá ìwé-ẹ̀rí. Ta ni nínú méjèèjì yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ tó ń sunkún?

Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ohun tí a ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Bí ọdún bá ti yí, a ó rọ́ lọ sí ọ́fíìsì àkáǹtì, a ó máa bú ẹni tí kò ní agbára kankan.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni náà. Oṣooṣù ni ilé-iṣẹ́ ń yọ owó orí nínú owó wa, ó sì gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá. Nígbà tí ọdún bá parí, òfin ní kí ilé-iṣẹ́ kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà àti owó orí tí wọ́n yọ, kí ó sì fi í ránṣẹ́ ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní. Àwa òṣìṣẹ́ fúnra wa náà ní ìwé tiwa láti kọ títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Bí orúkọ kan, nọ́ḿbà kan tàbí àdírẹ́sì kan bá ṣì, ìwé yóò padà, ìwé-ẹ̀rí yóò sì dúró.

Ti ọdún 2026 yìí wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Nítorí náà, nínú oṣù kan ṣoṣo, akọ̀wé ní láti fi òfin àtijọ́ parí ìṣirò ọdún 2025, kó sì fi òfin tuntun ṣírò owó oṣù kìíní 2026. Ìṣirò méjì, òfin méjì, orí kan, ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí ni kó bú u.

Òfin tuntun náà kan àpò wa, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan tó yẹ kí á san owó orí lé. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e ni a ń san náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀, èyí tó di ₦70,000 ní ọdún 2024, kò ní san rárá. Ẹni tó bá ń san owó ilé lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà kúrò kí wọ́n tó ṣírò, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ.

Ẹ gbà á bí àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ kan ń gba ₦150,000 lóṣù, èyí jẹ́ ₦1,800,000 lọ́dún. Bí wọ́n bá yọ ₦144,000 fún owó ìfẹ̀yìntì, ó ku ₦1,656,000. Bí ó bá ń san ₦400,000 fún ilé lọ́dún, tó sì mú risíìtì wá, wọn yóò tún yọ ₦80,000. Owó orí rẹ̀ yóò jẹ́ ₦116,400. Bí kò bá mú risíìtì wá, yóò jẹ́ ₦128,400. Ìwé pélébé kan tí ó fi sílẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí ti jẹ ₦12,000 mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí akọ̀wé bá ń béèrè risíìtì owó ilé, kì í ṣe pé ó fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Owó wa ló ń wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni ìkánjú yìí ń bá jà. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n dáadáa. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá ti yọ owó orí rẹ̀ jù, tàbí tí owó rẹ̀ kéré tó sì ní ọmọ, lè gba owó padà lọ́wọ́ ìjọba. Ìparí oṣù kìíní ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé wọlé. Ṣùgbọ́n òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 kò jẹ́ kí owó tó wà fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ṣáájú àárín oṣù kejì, kí ìjọba lè ráyè mọ ayédèrú. Owó ilé wà nílẹ̀, owó iná wà nílẹ̀, ojúlé ẹni tó bá wọn kọ ìwé ni wọ́n ń lọ pariwo sí. Ẹni yẹn kò ṣe òfin, kò sì lè fọwọ́ kan owó náà. Àwọn mìíràn tí kò lè dúró a máa yá owó lé èyí tí ń bọ̀, èlé a sì lè jẹ nínú rẹ̀. Ìkánjú ló ń san èlé yẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ìkánjú máa ń gba ọ̀nà tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí ń tà ìwé-ẹ̀rí owó orí lábẹ́ igi, tí wọ́n ní àwọn yóò bá ọ ṣe é ní ọ̀sán kan. Ẹ sá fún wọn. Ayédèrú ìwé ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi nọ́ḿbà rẹ̀ wò nínú ìwé ìjọba, ọkọ̀ tàbí ilẹ̀ tí o fẹ́ fi gbà kò ní sí, ìwọ gan-an ni yóò sì jẹ́jọ́.

Èmi tí mò ń kọ èyí kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé ìwé mi lọ bá bàbá arúgbó kan tó máa ń bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù nítòsí ilé-iṣẹ́ owó orí. Ó wò ó, ó ní iye kan kò bá èkejì mu, kí n padà lọ béèrè ní ibi iṣẹ́. Inú bí mi, mo pè é ní olè lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo gbé ìwé mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó sì parí rẹ̀ kí n tó mu omi tán. Oódo kan ni ó fi lé owó mi. Ó lé lọ́dún kan kí n tó rí i tún ṣe. Nígbà tí mo padà lọ láti bẹ bàbá yẹn, kò sí níbẹ̀ mọ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa ń wí nìyí.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-iṣẹ́: owó tí ẹ yọ nínú owó wa kì í ṣe tiyín. Ẹ fi í ránṣẹ́ ní àsìkò, kí ẹ sì máa fi risíìtì rẹ̀ han ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ fọwọ́ sí ìwé ìṣirò ọdún ní kété tí akọ̀wé bá ti parí rẹ̀. Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta, ẹ fún ọ́fíìsì àkáǹtì ní ènìyàn kan sí i. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta kò yẹ orí ẹnì kan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́: kí oṣù kejìlá tó parí, ẹ mú àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń gbé, nọ́ḿbà owó orí yín àti risíìtì owó ilé yín lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ pa ìwé owó oṣù yín mọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ bá délẹ̀ kí ẹ tó rántí. Bí ìwé bá sì pẹ́, ẹ béèrè ibi tó dúró sí àti ọwọ́ ẹni tó wà, kí ẹ sì mú èsì yẹn wá bá aṣojú yín. A ó bá yín lọ bá ẹni náà, ì báà jẹ́ máníjà àgbà.

Ẹ̀yin akọ̀wé: òṣìṣẹ́ ni ẹ̀yin náà. Ẹ má wí pé “ẹ padà wá lọ́la” nígbà tí ẹ mọ̀ pé kò ní sí lọ́la. Ẹ sọ òótọ́ fún wa, bí òótọ́ náà bá tilẹ̀ kan ọ̀gá. Ẹgbẹ́ yóò dúró lẹ́yìn yín.

Bàbá dẹ́rẹ́bà wa ti lọ bẹ ọmọbìnrin náà, ó sì dáhùn pé ó ti tán. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún bàbá ti kọjá, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìwé ilẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn dùn wá. Ẹjọ́ rẹ̀ ni yóò ṣáájú nígbà tí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bínú, ẹ̀yin ará, nítorí ohun ìbínú wà. Ṣùgbọ́n kí a mọ ẹni tí a ń bínú sí. Bí òṣìṣẹ́ bá ń na òṣìṣẹ́, ọ̀gá ni yóò máa rẹ́rìn-ín.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.