Ẹ jẹ́ kí aláboyún tó sanra tètè rí dókítà akunilóorun

Bí ìyàwó ilé bá lóyún, tó sì ń sanra, inú ìyá ọkọ máa ń dùn. Wọ́n á ní ilé ọkọ tù ú lára. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá dé orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ le jù níbẹ̀ lè má jẹ́ dókítà tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, bí kò ṣe ẹni tó ń fún un ní oògùn tí kò fi ní mọ ìrora.

Oyún ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, ọ̀rá ara náà sì ń tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá kun obìnrin yìí lóorun pátápátá, atẹ́gùn tó wà nínú ara rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti fún, kì í rọrùn láti ti rọ́bà tí yóò fi mí gba ibẹ̀. Oúnjẹ inú rẹ̀ lè gùn sókè, kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi fẹ́ràn láti gún abẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn, kí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú, kí ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn tí ọ̀rá bò, tí ọwọ́ kò lè wá eegun kàn, kì í ṣe ibi tí a ń kánjú gún. Ó lè gba abẹ́rẹ́ tó gùn ju ti gbogbo èèyàn lọ, ó sì ń gba àkókò. Kódà aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bí kò bá fẹ̀ tó, irọ́ ló máa pa.

Àkókò yẹn gan-an ni wọn kì í rí. Láti Benson títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ilé agbẹ̀bí ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé aláboyún lọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di wàhálà lóru ni wọ́n á tó gbé e láti Ìmọ̀ta tàbí Ìtòìkín wá sí Jẹ́nẹ́rà. Bí wọ́n bá tún ní kó máa lọ sí LASUTH n'Ìkẹjà, ẹ rántí pé Mile 12 wà lójú ọ̀nà.

Nílùú Ọba, ìlànà wà pé kí obìnrin tó bá sanra dé ìwọ̀n kan nígbà tó wá forúkọ sílẹ̀ rí dókítà akunilóorun kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Fún ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ 5 àti íńṣì 3, ìwọ̀n náà jẹ́ nǹkan bíi kílò 102. Níbí ńkọ́? Àjọ àgbáyé àwọn dókítà akunilóorun ní ó kéré tán, kí dókítà 5 wà fún èèyàn 100,000. Tiwa kò tó ẹyọ kan.

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí dókítà yìí yóò máa rí àwọn aláboyún tó sanra. Abẹ́rẹ́ gígùn àti aṣọ ìwọnjẹ̀ tó fẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń kó ìjọba sí gbèsè. Nọ́ọ̀sì tó bá sì pe aláboyún ní ọ̀rọ̀bọ̀ láàárín èrò, òun ló lé e padà sọ́dọ̀ agbẹ̀bí.

Ẹ̀yin ìyá wa, àdúrà pé kó bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù dára, àwa náà ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí oyún bá ti pé oṣù méje, ẹ sọ fún un kó béèrè dókítà náà. Kó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bó bá ń hanrun gan-an, bó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí. Bí wọ́n bá sì ti ní kó má jẹun mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ ẹ̀kọ fún un.