Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì í Ṣe Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún un dúró fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní oògùn náà ń mú òun tọ̀ ṣáá, kò sì sí ibi tí òun lè dúró sí lójú ọ̀nà tí àwọn èrò ọkọ̀ kò ní máa pariwo. Ó ní ara òun kúkú ti le. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún fi rọ. Kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di òní.

A kò bá a wí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó padà sí. Oògùn tí ń mú ni tọ̀, bíi hydrochlorothiazide, òwúrọ̀ ni a sábà máa ń lò ó. Dókítà lè yí àkókò rẹ̀ padà fún awakọ̀, tàbí kó fún un ní òmíràn. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni pé a ń dúró kí orí fọ́ wa kí a tó lo oògùn. Ẹ̀jẹ̀ lè ru kọjá 140 lórí 90 lára ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì, kó má sì mọ nǹkan kan. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ó ti wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà, bí atenolol àti clonidine, tí dídá wọn dúró lójijì léwu púpọ̀.

Ẹni tó bá gbàgbé, kó lò ó nígbà tó bá rántí, àfi bí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́. Kó má ṣe lo ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin oníṣẹ́ òru, ẹ bá dókítà mú wákàtí kan tí yóò bá iṣẹ́ yín mu. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ má gun àkàbà, ẹ má sì wakọ̀.

Ọ̀rọ̀ paraga ńkọ́? A mọ̀ pé inú yóò bí àwọn kan ní gáréèjì, ṣùgbọ́n ọtí máa ń fi kún òòyì náà. Oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀, bí ibuprofen àti diclofenac, lè gbé ẹ̀jẹ̀ ga, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ bi oníkẹ́mísìtì kí ẹ tó gbé e mì.

A kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ń gé owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ rí dókítà, ṣé yóò lọ lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ̀ka wa yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá pé kí ilé ìtọ̀ tó mọ́ wà ní gbogbo ibùdókọ̀, kí wọ́n má sì gé owó ọjọ́ dókítà mọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti gé owó rẹ̀ rí, kó wá bá akọ̀wé ẹ̀ka. A kò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.