Nintendo Kò Nílò Ẹ̀jẹ̀ Kó Tó Bá Àgbà Sọ̀rọ̀

Káàdì hanafuda ni ọjà àkọ́kọ́ tí Nintendo tà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Kyoto lọ́dún 1889, àwọn ata-tẹ́tẹ́ sì wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó mọ ìyẹn kò ní gbà pé ọjà ọmọdé ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Mario, tó kọ́kọ́ yọjú nínú Donkey Kong lọ́dún 1981, Zelda ti 1986 àti Pokémon ti 1996 ló sọ ọ́ di ilé géèmù tí bàbá, ìyá àtọmọ lè jọ jókòó tì. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di òbí báyìí, àwọn kan sì ń pariwo pé ó tó gẹ́ẹ́, kí Nintendo ṣe eré fún àgbà.

Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibi tó ti wọ́ ni pé bí wọ́n bá ti ní "eré àgbà", ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wí.

Mortal Kombat ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí eré ìjà yẹn dé sórí ẹ̀rọ Nintendo lọ́dún 1993, wọ́n ti yọ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Nǹkan bí òógùn ló ń ta jáde lára ẹni tí wọ́n bá lù. Lórí ẹ̀rọ Sega, abánidíje Nintendo nígbà náà, ẹni tó bá tẹ A, B, A, C, A, B, B á rí ẹ̀jẹ̀ yanturu. Ti Sega ló tà jù. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, apá kejì eré náà dé sórí ẹ̀rọ Nintendo tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n eré oníléeṣẹ́ mìíràn ni, ẹ̀jẹ̀ sì ni wọ́n fi polówó rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa èyí tó yẹ kí Nintendo fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Splatoon, tí Nintendo ṣe fúnra rẹ̀, ló sọ ọ́. Eré ìbọn ni, ó jáde lọ́dún 2015, íǹkì aláwọ̀ mèremère ló sì ń ti ẹnu ìbọn jáde. Nínú ìdíje rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, iye ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan bá kùn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí, kì í ṣe iye ẹni tó yìn níbọn. Oníbọn lè paradà di ẹ̀dá omi, kó wọnú íǹkì tirẹ̀, kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ, kí ìbọn rẹ̀ sì tún kún. Nígbà tí Splatoon 3 jáde ní September 2022, ó tà ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ ní Japan nìkan láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Sony tó gba ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà gbé Concord, eré ìbọn tirẹ̀, jáde ní August 2024. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pa á tì, tí wọ́n dá owó padà fún àwọn tó rà á.

Òótọ́ ni pé Nintendo ti dán eré àgbà wò rí, tí kò sì rí jẹ. Eternal Darkness ti 2002 gbọ́n débi pé ó máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti pa gbogbo ohun tí aṣeré tọ́jú rẹ́, tàbí pé ohùn tẹlifíṣọ̀n ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. GameCube, ẹ̀rọ Nintendo, ni wọ́n gbé e sí, nígbà tí PlayStation 2 ti Sony ti gba ìgboro. Bayonetta 2, tí Nintendo fowó ṣe nígbà tí kò sẹ́lòmíì tó fẹ́, bọ́ sórí Wii U, ẹ̀rọ tí kò tà tó mílíọ̀nù mẹ́rìnlá. Ta ni ìbá rí wọn rà?

Àwọn tó ń ṣọ́ra ní ìdí tiwọn. Òbí tó bá rí Mario lára páálí kì í ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kó tó sanwó, fíìmù Mario sì pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún 2023. Kò sẹ́ni tó ń fi irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Síbẹ̀, lọ́dún 2024, Nintendo fi orúkọ ara rẹ̀ gbé eré Emio jáde: òkú ọmọ iléèwé kan, àpò bébà tí wọ́n ya ẹ̀rín sí lórí rẹ̀, àti ìwádìí tó ń fà lọ díẹ̀díẹ̀. Yoshio Sakamoto, ọ̀kan lára àwọn àgbà tó wà nídìí Metroid, eré Nintendo mìíràn, ló kọ ìtàn rẹ̀. Àgbà ni wọ́n kọ sára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ó wà fún, orúkọ Nintendo kò sì tìtorí rẹ̀ bàjẹ́.

Ibi tó yẹ kówó gbà nìyẹn. Switch 2, ẹ̀rọ Nintendo, ti wà lọ́jà láti June 2025, kò sì sí ìdí tí eré bíi ti Sakamoto fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ̀wọ́n lórí rẹ̀, kí Mario sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.